Bí a ṣe ń ya iṣu igbó sọ́tọ̀ kúrò lára iṣu oko: ìtàkùn la ó kọ́kọ́ wò, ọkọ́ ló gbẹ̀yìn

Ẹni tó bá pàdé ìtàkùn iṣu nínú igbó etí odò Ọ̀pàrà, tàbí lórí oko tí wọ́n ti pa tì lẹ́bàá Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ọkọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Yóò wa á. Bí ohun tó bá nínú ilẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, yóò ní iṣu igbó ni. Bó bá ki, yóò ní iṣu oko ni. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Iṣu oko tó hù fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀ líle, tí ẹnikẹ́ni kò kọ ebè fún, yóò tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Iṣu igbó tí a gbìn sínú ebè fún ọdún mélòó kan lè ki bí iṣu ọjà. Nínú gbogbo àmì tí a lè fi dá iṣu mọ̀, ìrísí iṣu inú ilẹ̀ ló ń tètè yí padà jù. Ìtàkùn, ewé àti ẹ̀gún kì í tan ènìyàn jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ètò yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú ohun gbogbo: kí ènìyàn mọ orúkọ iṣu kò túmọ̀ sí pé ó ṣeé jẹ. Májèlé wà nínú èsúrú igbó, bẹ́ẹ̀ náà ni nínú púpọ̀ lára iṣu igbó tó ń so èso sókè lára ìtàkùn. Sísè lásán kò tó láti mú májèlé èsúrú igbó kúrò. Ẹ má tọ́ iṣu wò láti fi dá a mọ̀, ì báà jẹ́ tútù tàbí sísè.

Ohun tí ẹ nílò

Ọkọ́, àdá, àti ọ̀pá onímú tí a lè fi tú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀bẹ mímú, tàbí abẹ ìfárí tuntun. Okùn ìwọ̀n tó gùn tó mítà 2. Ìwé àti pẹ́ńsù: omi òjò kì í nu pẹ́ńsù, ṣùgbọ́n ó ń nu bírò. Ọ̀já aláwọ̀ pupa tàbí funfun láti so mọ́ ìtàkùn. Ìbọ̀wọ́, nítorí oje iṣu igbó ń yún ọwọ́ gan-an. Fóònù tó ń ya fọ́tò. Lákòótán, ìtàkùn iṣu oko kan tí ẹ mọ̀ dájú, bíi láboko tàbí kókóró tí ẹ̀yin fúnra yín gbìn, tí ẹ ó máa fi wé èyí tí ẹ kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo nǹkan ìkẹyìn yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló wúlò jù. Ojú tí kò ní ohun tí yóò fi wé nǹkan máa ń rí ohun tó bá ń wá.

Ìpele 1: Ẹ yan àkókò àti ìtàkùn

Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni àkókò tó dára jù. Ewé ti gbó nígbà náà, òdòdó ti ń yọ lára èyí tó máa ń yọ òdòdó, ìtàkùn kò sì tíì gbẹ. Bó bá fi máa di oṣù kejìlá, ewé ti rẹ̀ dànù lára ọ̀pọ̀ wọn, ìdajì àmì sì ti lọ.

Ẹ má gbára lé ìtàkùn kan ṣoṣo. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá márùn-ún tó jọra ní àdúgbò kan náà, kí ẹ so ọ̀já mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Ẹ kọ ibi tí ó wà sílẹ̀ pẹ̀lú: igbó etí odò ni, ọ̀dàn gbígbẹ ni, àárín òkúta orí òkè Sábẹ̀ẹ́ ni, tàbí oko àtijọ́ tí àpá ebè ṣì wà. Bí ẹ bá rí àpá ebè, ẹ fi sọ́kàn pé ó lè jẹ́ iṣu oko tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ìpele yìí ti yọrí: bí ẹlòmíràn bá mú ìwé yín lọ sí ibẹ̀ lọ́la, yóò rí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan láìbi yín.

Ìpele 2: Ọwọ́ wo ni ìtàkùn ń yí sí?

Àmì yìí ló lágbára jù nínú gbogbo wọn, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń ṣì jù. Ilẹ̀ kò lè yí i padà, ọ̀gbẹlẹ̀ kò lè yí i padà.

Ẹ dúró kí ẹ dojú kọ igi tí ìtàkùn rọ̀ mọ́. Ẹ wo apá tó kọjú sí yín nìkan. Bí ìtàkùn bá ń gòkè láti ọwọ́ òsì yín lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń yí sọ́tùn-ún. Bó bá ń gòkè láti ọ̀tún lọ sósì, ó ń yí sósì.

Àwọn tó ń yí sọ́tùn-ún ni iṣu funfun wa tí a ń gún (Dioscorea rotundata; D. ni a ó máa fi gé Dioscorea kúrú), ìgàngán tí inú rẹ̀ pọ́n (D. cayenensis), ewùrà (D. alata), àti àwọn iṣu igbó tó bá wọn tan: D. praehensilis ti inú igbó àti D. abyssinica ti inú ọ̀dàn. Àwọn tó ń yí sósì ni èsúrú (D. dumetorum), ti oko àti ti igbó, àti iṣu tó ń so sókè (D. bulbifera).

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ìtàkùn bá ti yí sósì, kò sí bó ṣe lè jẹ́ láboko, kókóró tàbí ewùrà, bí ó ti wù kí iṣu rẹ̀ dára tó lójú.

Ibi mẹ́ta ni àṣìṣe ti ń wáyé. Èkíní, àwọn kan máa ń tẹ̀ sórí ìtàkùn, tí wọ́n ń wò ó láti òkè. Ọ̀tún àti òsì á dàrú mọ́ wọn lójú. Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ wò ó láti iwájú. Èkejì, àgbẹ̀ lè ti fi ọwọ́ ká ìtàkùn mọ́ ọ̀pá lọ́nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wo apá tó ga ju ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè dé lọ. Ẹ̀kẹta, kámẹ́rà iwájú fóònù, èyí tí a fi ń ya ara ẹni, lè yí àwòrán padà bíi ti dígí, kí ọ̀tún di òsì. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò. Bí ẹnìkan bá sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi í léèrè èyí tó lò kí ẹ tó dáhùn.

Àyẹ̀wò: ẹ wo ìtàkùn iṣu oko tí ẹ mọ̀ dájú. Bí ẹ bá kọ "òsì" sílẹ̀ fún láboko, ibi tí ẹ dúró sí ni kò tọ́. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìpele 3: Ewé

Ẹ mú ewé láti àárín ìtàkùn. Ewé orí tuntun kò tíì pé, ewé ìdí sì ń tan ènìyàn jẹ: lára iṣu funfun pàápàá, àwọn ewé ìsàlẹ̀ lè máa yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ti òkè ń yọ ní méjì-méjì tó dojú kọ ara wọn. Ẹ mú ewé márùn-ún lára ìtàkùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọn gígùn àti ìbú wọn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ewé kan pín sí mẹ́ta lórí igi ewé kan ṣoṣo? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tó sì ń yí sósì, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ èsúrú. Ewé rẹ̀ máa ń ní irun, ìtàkùn rẹ̀ sì ní ẹ̀gún.

Bí ewé bá jẹ́ odidi, tó tóbi, tó rí bí ọkàn, tó ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìtàkùn tó ń yí sósì, tí ìtàkùn náà yípo tí kò sì ní ẹ̀gún, iṣu tó ń so sókè ni. Ẹ wo abẹ́ ewé. Èso tó dà bí ọ̀dùnkún kékeré yóò wà níbi tí igi ewé ti pàdé ìtàkùn, ó kéré tán bó bá fi máa di oṣù kẹjọ.

Bí ewé bá jẹ́ odidi, tó ń yọ ní méjì-méjì, tó sì ń yí sọ́tùn-ún, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le díẹ̀, nítorí iṣu oko àti iṣu igbó jọ wà nínú ìdílé kan. Ewé D. abyssinica sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti iṣu funfun lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ wọn ìbú. Ẹ pín gígùn sí ìbú, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ewé márùn-ún, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣu oko tí ẹ mọ̀. Ewé kan kò ní fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ kìíní àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní èkejì, ìyàtọ̀ yóò hàn bó bá wà.

Ìpele 4: Ìtàkùn àti ẹ̀gún

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là yí ìtàkùn. Ìtàkùn ewùrà ní igun mẹ́rin, pẹ̀lú ìyẹ́ pẹlẹbẹ lára igun kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń ní àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀. Kò ní yí gbirigbiri lọ́wọ́ yín. Bó bá ń ṣe yín bí ẹni ń ṣiyèméjì, ẹ gé e, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: igun mẹ́rin kò ní farapamọ́. Ewùrà kì í ṣe ọmọ igbó wa, nítorí náà bí ẹ bá bá a nínú igbó, ènìyàn ló mú un dé ibẹ̀. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn lórí rẹ̀.

Ìtàkùn iṣu funfun àti ti àwọn iṣu igbó tó bá a tan yípo. Ẹ̀gún ni kí ẹ kà. Ẹ wọn 30 sẹ̀ǹtímítà láti ibi tí ìtàkùn ti yọ nínú ilẹ̀, kí ẹ ka gbogbo ẹ̀gún tó wà níbẹ̀. Ẹ má kọ "ẹ̀gún wà" tàbí "kò sí" lásán, nítorí iṣu oko mìíràn ní ẹ̀gún, òmíràn kò ní. Iye ni ó ń sọ̀rọ̀. Ìdí ìtàkùn D. praehensilis máa ń gbó fún ẹ̀gún tó le.

Nǹkan kejì tó yẹ kí ẹ wọ̀n ni gíga ewé àkọ́kọ́. Iṣu inú igbó máa ń ran ìtàkùn kan ṣoṣo sókè láìní ewé, láìní ẹ̀ka, títí yóò fi rí ìmọ́lẹ̀ lórí igi. Ó lè kọjá mítà mélòó kan kí ewé gidi kan tó ṣí. Iṣu oko kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tètè ṣí ewé, ó sì máa ń tètè yọ ẹ̀ka ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: iṣu oko tó hù sábẹ́ igi ńlá náà lè na ara rẹ̀ nítorí òjìji. Ẹ fi èyí tó wà níta gbangba wé èyí tó wà níta gbangba, kí ẹ fi ti abẹ́ igi wé ti abẹ́ igi.

Àyẹ̀wò: nínú ìwé yín, ìtàkùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ní nǹkan mẹ́rin: ọwọ́ tó ń yí sí, bí ewé ṣe rí àti ìwọ̀n rẹ̀, iye ẹ̀gún lórí 30 sẹ̀ǹtímítà, àti gíga ewé àkọ́kọ́. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, ẹ má fọwọ́ kan ọkọ́.

Ìpele 5: Òdòdó àti èso

Akọ iṣu yàtọ̀ sí abo. Akọ máa ń so òdòdó wẹ́wẹ́ sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Abo ló ń ní èso gbígbẹ oníyẹ̀ẹ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ iṣu oko kì í yọ òdòdó púpọ̀, àwọn kan kì í yọ ọ́ rárá, nígbà tí ti igbó máa ń yọ ọ́ dáadáa, nítorí irúgbìn ló fi ń tàn kálẹ̀. Bí ẹ bá rí èso gbígbẹ yìí, ẹ la á kí ẹ wo hóró. Ìyẹ́ hóró àwọn tó ń yí sọ́tùn-ún yí i ká. Ti èsúrú àti ti iṣu tó ń so sókè wà ní apá kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá rí òdòdó kankan, kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìpele 6: Wíwa iṣu

Ọkọ́ dé nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti fi ya ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí ìtàkùn, kí ẹ máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀, kí ẹ lo ọ̀pá onímú àti ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́. Àmì tó ṣe pàtàkì jù nínú ilẹ̀ wà ní bí 10 sí 20 sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́. Òun gan-an sì ni ọkọ́ àwọn tó ń kánjú máa ń gé dànù.

Gbòǹgbò orí iṣu ni mo ń sọ. Lára D. praehensilis, àwọn gbòǹgbò tó yí orí iṣu ká le, wọ́n ní ẹ̀gún, wọ́n sì ń tẹ́ lọ nítòsí ojú ilẹ̀ bí ọgbà tí ẹnìkan mọ yí iṣu ká kí ẹranko má ba rí i wa. Iṣu oko ti pàdánù ọgbà yẹn, tàbí kí ó kù díẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀, kò sì ní ẹ̀gún tó le. Bí ẹ bá rí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún yìí lórí ìtàkùn tó yípo, tó ń yí sọ́tùn-ún, tí ẹ̀gún gbó lára ìdí rẹ̀, ẹ lè kọ "iṣu igbó" sílẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo orí iṣu fúnra rẹ̀. Irúfẹ́ méjì ni iṣu igbó ní ilẹ̀ wa. Àwọn kan ń pààrọ̀ iṣu wọn lọ́dọọdún: ti èṣí á jẹrà, tuntun á wú. D. praehensilis àti D. abyssinica wà níbẹ̀. Ẹ lè bá awọ iṣu èṣí tó ti rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Àwọn mìíràn, bíi D. minutiflora àti D. burkilliana, ní orí tó gan bí igi, tó ń dàgbà láti ọdún dé ọdún, tí ọ̀bẹ kì í tètè wọ̀. Iṣu oko wa kò ní irú orí onígi bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹ fi ọ̀bẹ gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ wọn bí iṣu ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, láti ojú ilẹ̀ dé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ bí ilẹ̀ ṣe rí: iyanrìn, amọ̀, tàbí òkúta wẹ́wẹ́. Ìwọ̀n jíjìn láìsí irú ilẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Iṣu kan náà tó dé mítà kan nínú iyanrìn lè dúró ní 40 sẹ̀ǹtímítà kí ó sì pín sí ọwọ́-ọwọ́ nígbà tó bá kan òkúta.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ìtàkùn kú, ẹ dá orí àti gbòǹgbò rẹ̀ padà, kí ẹ gé ìsàlẹ̀ nìkan, kí ẹ sì bò ó. Bí a ṣe ń wa láboko lẹ́ẹ̀kíní ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ni, tí a ń fi orí sílẹ̀ kí ó tún wú èbù. Mo rọ̀ yín kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo nínú igbó. Ìtàkùn yìí ni ìbátan iṣu wa tó ṣẹ́ kù, igbó ibi tó wà sì ń dín kù.

Ìpele 7: Gígé iṣu

Ẹ gé e ní àárín, kì í ṣe ní orí. Ẹ wo àwọ̀ inú lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí òmíràn funfun nígbà tí a gé e, tí yóò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ẹ fi èékánná họ èèpo, kí ẹ wo àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo bí òwú inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó: iṣu igbó sábà máa ń lówú.

Inú tó pọ́n bí ẹyin nínú iṣu oko tọ́ka sí ìgàngán. Elésè àlùkò lórí ìtàkùn onígun mẹ́rin jẹ́ ewùrà. Èsúrú máa ń wú ní ìdì, iṣu púpọ̀ lórí kan. Lórí èsúrú, òtítọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ: ojú nìkan kò tó láti ya ti oko sọ́tọ̀ kúrò lára ti igbó. Ewé wọn jọ, ọ̀nà tí wọ́n ń yí jọ. Ẹ̀gún tó pọ̀ lè mú ni fura, ṣùgbọ́n kò tó ẹ̀rí nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀mí ènìyàn ló wà níbẹ̀. Èsúrú tí ẹ kò bá mọ ọwọ́ tó gbìn ín, igbó ni kí ẹ kà á sí. Àwọn àgbà ní èsúrú ṣe fújà, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán; ti igbó burú ju àtẹ́ lọ.

Ìpele 8: Ìpinnu

Ẹ to àwọn àmì kalẹ̀ bí agbára wọn ṣe tó, kì í ṣe bí ẹ ṣe rí wọn tẹ̀léra. Ọwọ́ tí ìtàkùn ń yí sí àti irú ewé ló ń sọ ìdílé. Ìtàkùn onígun tàbí onípo ló ń yọ ewùrà kúrò. Gbòǹgbò ẹlẹ́gùn-ún, iye ẹ̀gún ìdí, orí onígi àti gíga ewé àkọ́kọ́ ló ń sọ bóyá ti igbó ni. Jíjìn iṣu, bó ṣe ki tó àti òwú inú rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán. Bí ẹlẹ́rìí bá tako àwọn àmì ìṣáájú, àwọn àmì ìṣáájú ni kí ẹ gbà.

Ẹ ó rí àwọn kan tó wà láàárín. Ẹ̀gún wọn kò pọ̀ bíi ti igbó, kò sì kéré bíi ti oko. Kì í ṣe pé ẹ ṣi iṣẹ́ ṣe. Iṣu funfun àti àwọn ìbátan rẹ̀ inú igbó lè gba ara wọn, irúgbìn wọn sì ń hù létí oko. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn àgbẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Benin ṣì ń mú iṣu láti inú igbó wá sí oko, tí wọ́n ń gbìn ín tí wọ́n ń tún un yàn fún bí ọdún 3 sí 6, títí yóò fi dà bí iṣu oko. Ẹ kọ "kò tíì dájú" sílẹ̀, kí ẹ lọ sí ìpele tó kàn.

Ìpele 9: Ebè ìdánwò fún èyí tí kò tíì dájú

Ẹ gé èbù 10 láti ara èyí tí kò dájú àti 10 láti ara iṣu oko tí ẹ mọ̀. Kí èbù kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó 250 sí 300 gíráàmù; èbù tó tóbi ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yóò fún yín ní ìyàtọ̀ èké. Ẹ kọ ebè 20 sórí ilẹ̀ kan náà, mítà kan síra, kí wọ́n ga bákan náà, kí ẹ gbìn wọ́n ní ọjọ́ kan náà, kí ọ̀pá wọn ga bákan náà. Ẹ má gbin irú kan sí apá kan kí èkejì wà ní apá kejì. Ẹ dà wọ́n pọ̀ ní ọ̀kan-ọ̀kan, nítorí ilẹ̀ apá kan lè dára ju ti èkejì lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ kò tó, nítorí ohun tí èbù gbé wá láti inú igbó ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gé èbù láti ara ohun tí ẹ bá wa, kí ẹ tún un gbìn ní ọdún kejì, lẹ́yìn náà kí ẹ tún Ìpele 2 sí Ìpele 7 ṣe lórí gbogbo ebè 20. Bí ẹ̀gún ìdí àti gbòǹgbò líle bá dúró bí wọ́n ṣe wà nígbà tí iṣu fúnra rẹ̀ ti kúrú tó sì ti ki, iṣu igbó ni ẹ ní lọ́wọ́. Bí ohun tí ẹ wa kò bá yàtọ̀ sí ti láboko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní iye ẹ̀gún àti gíga ewé àkọ́kọ́, iṣu oko tí ẹnìkan gbàgbé ni, ilẹ̀ líle ló na án. Ẹ kọ ọjọ́ gbígbìn, ọjọ́ wíwa àti orúkọ abúlé tí ẹ ti mú un sórí pátákó kékeré, kí ẹ kàn án mọ́ ọ̀pá ebè àkọ́kọ́.